Olóòtú, Black Sabbath kì í ṣe ti Ozzy nìkan o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Orí fóònù ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín láti Birmingham níbí, torí iṣu àti èlùbọ́ la lè rí rà ládùúgbò wa, bébà Yorùbá kọ́. Lẹ́tà méjì tí ẹ gbé jáde lẹ́yìn tí Ozzy Osbourne, olórin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Black Sabbath ti Birmingham níbí, kú ní July 22, 2025 ló mú mi kọ èyí. Àkọ́kọ́ ni ti màmá wa kan tó ní kí ẹ yéé kọ nípa ẹgbẹ́ Sátánì nínú ìwé tí ọmọdé ń kà. Ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan n'Íbàdàn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù torí ó hàn pé ó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì dénú, ó ní Ozzy ni Black Sabbath, pé àwọn tó kù kàn ń gbè lẹ́yìn ẹ̀ ni, ó ní Bill Ward onílù wọn àtijọ́ tí wọ́n gbé padà wá sí Villa Park ló ba ṣóò ìdágbére wọn jẹ́, pé ì bá sàn kí wọ́n jẹ́ kí Tommy Clufetos tó rọ́pò ẹ̀ máa lu ìlù ẹ̀ lọ, àti pé ẹni tó bá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ ti kúrò nìyẹn, kó jókòó sílé ẹ̀.

Ti màmá wa, kíákíá ni n ó sọ ọ́ torí mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín, ìdí tí wọ́n fi mú un náà nìyẹn. Earth ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn ti ń jẹ́ ẹ, wọ́n sì ń wá orúkọ tuntun, sinimá kan wà ní òdìkejì títì ibi tí wọ́n ti ń kọ́ orin, wọ́n ń gbé fíìmù kan jáde níbẹ̀ tí Boris Karloff wà nínú ẹ̀, fíìmù ọdún 1963, orúkọ fíìmù yẹn ni wọ́n mú. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé èèyàn lè tò sórí ìlà kó sanwó kí wọ́n lè dẹ́rù bà á, wọ́n ní ó dáa, àwọn náà á ṣe orin tó ń bani lẹ́rù. Àgbélébùú tí ẹ ń rí lọ́rùn wọn, bàbá Ozzy ló fi irin ṣe é fún wọn. Geezer Butler tó ń kọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọn, ilé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, "After Forever" tó wà nínú àwo 1971, ẹ gbọ́ ọ mà, ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn bóyá ó ti ronú sí ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀ ni. Mi ò ní ènìyàn mímọ́ ni wọ́n o, ọtí àti oògùn olóró tí wọ́n lò kò ṣeé kà, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí ti Sátánì.

Ó yá, ká wá sórí ìjà tó gbé mi wá. Àwọn kan á tún ní kí ló kan ọmọ Yorùbá kan rọ́ọ̀kì, ẹ bi àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ l'Ékòó láyé 1970s léèrè, wọ́n á sọ ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO fún yín, Laolu Akins ló ń lu ìlù níbẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

July 5, 2025 ni ṣóò yẹn wáyé ní Villa Park, pápá Aston Villa, àdúgbò tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dàgbà, ibi tí Ozzy ti gbé ní kékeré sún mọ́ pápá yẹn débi pé èèyàn á fẹsẹ̀ rìn ín. Láti ọ̀sán ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń gun sítéèjì lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá kí wọn, Metallica, Guns N' Roses, Slayer, Tool, Pantera, Gojira, Alice in Chains, Anthrax, Mastodon, mi ò lè ka gbogbo wọn tán, Tom Morello onígìtá ló tò ó, owó ẹ̀ sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn Parkinson, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ti Birmingham àti Acorns tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn wọn kò gbóògùn. Mi ò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, kíá ló ti tán, àwa kan kóra jọ sílé ọ̀rẹ́ wa láti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi ń hàn wá sì fi nǹkan bíi wákàtí méjì pẹ́ lẹ́yìn ti pápá, ẹnìkan nínú wa tó wà níbẹ̀ gan-an ti ń fi WhatsApp sọ gbogbo nǹkan fún wa kó tó dé ojú wa, a ní kó pa fóònù ẹ̀ jàre, kò gbọ́.

Ozzy kò lè rìn mọ́ nígbà yẹn, Parkinson ti mú un, abẹ́ sítéèjì ló ti gòkè wá lórí àga ńlá dúdú kan. Ó kọ́kọ́ kọ orin márùn-ún tiẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó máa ń bá a ṣe orin lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, Tony Iommi lórí gìtá, Geezer lórí béèsì, Bill Ward nídìí ìlù, fúngbà àkọ́kọ́ láti 2005 tí wọ́n jọ ṣe é pọ̀. Orin mẹ́rin péré ni wọ́n kọ, "War Pigs", "N.I.B.", "Iron Man" àti "Paranoid", ó parí.

Ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan. Ozzy jókòó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn ẹ̀ ń yẹ̀, nígbà tó dé orí "Mama, I'm Coming Home" àwọn èrò ló ń bá a gbé e, kò sẹ́ni tó ní ó ba ṣóò jẹ́, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀, àìsàn ló ń ṣe bàbá náà, wíwá tó tún wá gan-an, ọpẹ́ ni. Bill Ward wá ńkọ́, ẹni ọdún 77, àìsàn ọkàn ti dá a gúnlẹ̀ rí ní 1998, wọ́n ti la inú ẹ̀ ní 2013, ọdún ogún ni kò fi bá wọn jókòó lórí sítéèjì, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó dojú kọ ìlù, òun lẹ wá ń ka ibi tó ti falẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà kí olórin jókòó, ẹ ò gbà kí onílù mí. Ìyẹn ò dáa.

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí Clufetos lù ú, ẹ̀gbọ́n, Clufetos wà níbẹ̀! Òun ló lu ìlù fún orin márùn-ún Ozzy tó ṣíwájú, ìyẹn ni pé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, lórí sítéèjì kan náà, láàárín wákàtí kan, ẹ gbọ́ àwọn méjèèjì, ẹ ò nílò kí èmi sọ ìyàtọ̀ ẹ̀ fún yín tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀. Mi ò bú Clufetos o, ọwọ́ ẹ̀ le, kì í tàsé, òun ló sì gbé ẹgbẹ́ yẹn rin gbogbo ayé láti 2012 títí wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n pè ní ìgbẹ̀yìn ní Birmingham níbí ní February 4, 2017. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lù ú, ó ń lé orin níwájú ni. Bill kì í lé e, ó máa ń jẹ́ kí gìtá Iommi sọ̀rọ̀ tán kó tó dá a lóhùn, ìgbà míì á pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ọkàn èèyàn á ti sókè pé ṣé ó máa bọ́ síbẹ̀, á wá bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "War Pigs" níbi tí gìtá àti béèsì ti dákẹ́ fún olórin, tó jẹ́ páànù kékeré nìkan ni Bill ń tẹ̀, tí gbogbo pápá ń bá a pàtẹ́wọ́, bó ṣe ń fi ìlù kún àwọn àlàfo yẹn, kò sígbà tó fi ọ̀nà kan náà kún un lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn onílù jáàsì bíi Gene Krupa àti Buddy Rich ló gbọ́ dàgbà, òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, ẹ wá fetí sí "Wicked World" ti 1970, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, jáàsì pọ́ńbélé ni, kí gìtá tó wá wó lulẹ̀ lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí á yé àwọn tó gbọ́ Fela nínú wa láìfa gígùn. Nígbà tí Tony Allen fi Africa 70 sílẹ̀ lẹ́yìn ṣóò Berlin ní 1978, Fela kò dákẹ́, orin ṣì ń jáde, ó sì ṣì ń dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí etí ẹ̀ dá mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí orin yẹn fi ń rìn ti yí padà, bó ti wù kí onílù tuntun mọ̀ ọ́n tó. Bó ṣe rí náà nìyẹn fún Sabbath láìsí Bill.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wọn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ní London, October 1969, wọ́n kàn wọlé, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níwájú èrò, wọ́n jáde, ó bọ́ sọ́jà ní February 1970. Wọ́n kò ní owó, wọ́n kò ní àkókò. Torí náà ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ìró Sabbath, bí àwọn mẹ́rin ṣe ń gbọ́ ara wọn nínú yàrá kan ni. Ìka ọwọ́ ọ̀tún Iommi méjì tí ẹ̀rọ gé ní orí ní ilé iṣẹ́ irin nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17 (ọlọ́wọ́ òsì ni, ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn), tó wá yọ́ ike ìgò ọṣẹ tó fi ṣe ìdérí ìka, tó dẹ okùn gìtá kí ó má baà máa dun òun, ìyẹn náà wà nínú ẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni. Tẹ́ ẹ bá yọ ẹnìkan, ó di nǹkan míì, ó lè dáa o, ṣùgbọ́n nǹkan míì ni.

Ẹ̀yin náà á ní ṣebí láìsí Bill ni wọ́n ṣe àwo *13* ní 2013, tó sì gba ipò kìíní ní Bírítéènì, èyí tí wọn ò rí gbà mọ́ láti orí *Paranoid* ní 1970, tó tún gba ipò kìíní l'Amẹ́ríkà fúngbà àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Brad Wilk ló lu ìlù ibẹ̀. Mo ra àwo yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé wọ́n fara balẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n rántí pé àwọn máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ bí Bill ò ṣe sí níbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, November 11, 2011 wọ́n jọ jókòó ní Los Angeles, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní àwọn ti padà, nígbà tó di February 2012 Bill jáde ó ní ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé fún òun kò ṣeé buwọ́ lù. Ozzy ní tiẹ̀ ní ara Bill kò gbà á mọ́. Ta ló parọ́? Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́, owó lè kéré kí ara náà má gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn olólùfẹ́ kan ń bú u nígbà yẹn pé olójúkòkòrò ni, àwọn kan náà ló ń sunkún nígbà tó jáde ní Villa Park.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń sọ Bill di áńgẹ́lì. August 1980, àárín ìrìn-àjò ṣóò l'Amẹ́ríkà, ọtí ti gba gbogbo ayé ẹ̀, ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ló bá dìde lọ láìdágbére, wọ́n ní láti lọ wá onílù míì, Vinny Appice, kíákíá kó wá kọ́ gbogbo orin, pápá ńlá kan ní Hawaii ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ọmọkùnrin kan tí kò mọ orin yẹn dunjú, ó kọ nǹkan sínú ìwé kó lè rántí, ó dá wọn nídè. Ìgbà tí àìsàn ọkàn dá Bill gúnlẹ̀ ní 1998, Vinny yìí kan náà ni wọ́n tún pè. Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, ta ló dárúkọ Vinny Appice?

Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu jù nínú lẹ́tà yín ni pé "ẹni tó bá ti kúrò ti kúrò". Ozzy ńkọ́? Wọ́n lé Ozzy kúrò nínú Black Sabbath ní April 1979, Bill Ward yìí gan-an ni wọ́n rán lọ sọ fún un. Láti 1979 títí di 1997 tí wọ́n tún jọ ṣe é ní gbọ̀ngàn NEC Birmingham, Ozzy jẹ́ ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́, àfi ṣóò ìrànwọ́ Live Aid ní 1985 àti òru ọjọ́ kan ní California, November 1992, tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún jọ dúró, n ó padà sórí ti California yẹn. Tó bá jẹ́ pé òfin yín la tẹ̀ lé, Ozzy ò bá ti jókòó sílé ẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan ṣoṣo ni kò fìgbà kan kúrò, Iommi ni, débi pé Ozzy pè é lẹ́jọ́ ní 2009 lórí ta ló ni orúkọ yẹn, wọ́n parí ẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún kejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ yẹn fún ẹnìkan, kó fún Iommi.

Lẹ́yìn Ozzy ni Ronnie James Dio dé gẹ́gẹ́ bí olórin, *Heaven and Hell* ti 1980, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn torí Dio ní àwọn tó ń gbèjà ẹ̀, wọ́n pọ̀, ariwo wọn kò ṣeé dá dúró. Wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù orí sítéèjì kan tó ń jẹ́ *Live Evil*, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀, wọ́n ní Dio ń yọ́ wọ sítúdíò lálẹ́ láti gbé ohùn ara ẹ̀ ga, òun ní irọ́ ni, ó kó ẹrù ẹ̀, Vinny tẹ̀ lé e. Ó padà ní 1991, ó ṣe *Dehumanizer*, ìgbà tí Ozzy wá ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì (ẹ̀rín ń pa mí) tó ní kí Sabbath wá ṣíwájú òun ní Costa Mesa, Dio ní òun ò lè ṣíwájú ẹnikẹ́ni, ó jáde, Rob Halford ti Judas Priest ló wá kọrin fún wọn fún alẹ́ méjì, alẹ́ kejì ni Ozzy àti Bill wá dúró pẹ̀lú Iommi àti Geezer. Dio kú ní May 2010. Ó dun èmi gan-an.

Ian Gillan ti ẹgbẹ́ Deep Purple náà gba ipò olórin fọ́dún kan, 1983, èyí tí àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ torí òkúta Stonehenge tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe sórí sítéèjì, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, mítà ni ẹni tó ṣe é fi wọ̀n ọ́n, ó tóbi débi pé kò wọlé sí ibi tó pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n lọ. Gillan kò mọ ọ̀rọ̀ orin, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀, wọ́n tú èéfín sítéèjì sílẹ̀, kò rí nǹkan kan kà mọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí gan-an ni Tony Martin, olórin wọn míì. Ọmọ Birmingham ni òun náà. 1987 ni wọ́n mú un wọlé, Ray Gillen ti kọ *The Eternal Idol* sílẹ̀ ó sì bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí Martin tún gbogbo ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún un kọ. *Headless Cross* ní 1989, *Tyr* ní 1990, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Dio lè padà, Dio lọ, wọ́n tún pè é, ó tún wá, *Cross Purposes* ní 1994, *Forbidden* ní 1995. Rẹ́kọ́ọ̀dù márùn-ún, ẹ̀yin ará! Yàtọ̀ sí Ozzy, kò sí ẹni tó kọrin fún Sabbath tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ l'Amẹ́ríkà, Martin àti Iommi gbé e lọ dé Rọ́ṣíà ní 1989 nígbà tí ìjọba àwọn Kọ́múnísì ṣì wà níbẹ̀, Cozy Powell wà nídìí ìlù, ẹni tí mọ́tò pa ní 1998, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí owó wá dé ní 1997, kò sẹ́ni tó pe Martin. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dàwátì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ orin lórí fóònù kò rí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ níbẹ̀ títí di 2024 tí wọ́n kó mẹ́rin nínú ẹ̀ jáde pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dọ́ kan fi lè wo ojú mi ní bábà ṣọ́ọ̀bù kó ní "Tony wo? Iommi àbí?" Mo fi orin "Headless Cross" sí i létí. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun.

*Forbidden* kò dáa, mo gbà. Ẹ má mú u lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí sí mi, ẹgbẹ́ gan-an ti rẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n lọ pe ẹni tó ń ṣe gìtá fún Body Count, ẹgbẹ́ Ice-T, kó wá bá wọn ṣe é, Ice-T sì ráàpù nínú orin kan, kò bọ́ sí i rárá. Ohùn Martin kọ́ ló bà á jẹ́.

Geoff Nicholls ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ rí ṣóò Sabbath láàárín 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2000s, ẹ gbọ́ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ò sì rí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n máa ń fi sí, kí ó má baà hàn pé Sabbath ní kíbọ́ọ̀dù. Ó ju ogún ọdún lọ tó fi wà níbẹ̀. Ó wà pẹ̀lú Dio, ó wà pẹ̀lú Gillan, ó wà pẹ̀lú Martin, ó wà pẹ̀lú Ozzy nígbà tó padà. January 28, 2017 ló kú, ọ̀sẹ̀ kan gééré kí wọ́n tó ṣe ìgbẹ̀yìn wọn ní Genting Arena. Nígbà tí wọ́n gba ẹgbẹ́ yẹn wọ Rock and Roll Hall of Fame ní 2006, ẹni mẹ́rin ni. Nígbà tí ìjọba ìlú Birmingham fún wọn ní oyè ọmọ ìlú pàtàkì ní June 2025, ẹni mẹ́rin ni.

Mo mọ̀ pé ṣóò ìdágbére Ozzy ni ti Villa Park, orin mẹ́rin tí wọ́n kọ kò sì sí èyí tó kọjá 1970 nínú ẹ̀, mi ò bínú sí wọn, kì í ṣe ọjọ́ náà ni kí wọ́n máa ka ìtàn gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Jake E. Lee tó ń ta gìtá fún Ozzy, tí wọ́n lé ní 1987, ó wá sórí sítéèjì lọ́jọ́ yẹn, ìbọn ti ba ara ẹ̀ jẹ́ ní bíi oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, wọ́n fún un láyè ó ta gìtá, inú gbogbo wa dùn. Guns N' Roses gan-an kọ "It's Alright", orin 1976 tó jẹ́ pé Bill Ward ló kọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe Ozzy, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní onílù lásán ni, ẹ lọ gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe láti rántí èèyàn. Martin kò sí lórí sítéèjì yẹn, Vinny kò sí níbẹ̀.

July 30 tí wọ́n gbé òkú Ozzy kọjá ní Broad Street, mo wà láàárín èrò, ẹgbẹ́ onífèrè kan ń fi fèrè kọ "Iron Man" níwájú ọkọ̀, títì kún pa, òdòdó bo afárá tí wọ́n fi orúkọ Black Sabbath sọ. Arákùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òyìnbó àgbàlagbà, ó wọ ẹ̀wù *Headless Cross* tó ti ṣá. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn rí i pé mò ń wo ẹ̀wù ẹ̀, ó ní òun lọ sí ìrìn-àjò 1989 yẹn, mo ní mo jowú ẹ.

Nítorí náà Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé nígbà míì tí ẹ bá tún gbé àwòrán Black Sabbath jáde, ẹ má kọ orúkọ mẹ́rin kí ẹ dúró síbẹ̀, ẹ fi Dio, Tony Martin, Vinny Appice, Cozy Powell àti Geoff Nicholls kún un, kò ju ìlà kan lọ. Ọ̀gbẹ́ni Ìbàdàn, ẹ wá fídíò àtijọ́ 1970 tó wà lórí YouTube, èyí tí Bill fi irun bo ojú tó ń lu ìlù bí ẹni tí inú ń bí, kí ẹ wá gbọ́ Clufetos nínú fídíò 2017, ẹ gbọ́ "War Pigs" nínú méjèèjì, kí ẹ tó kọ̀wé míì. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní Bill ló ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ́ síbí, èmi náà ń kà á, n ó dá yín lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Birmingham